Àṣẹ Wolé-wolé: Ibi tí Ó ti Ṣẹ̀ Wá àti Ibi tí Ó Mọ

Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin dé ni a máa ń kà, àti ti ẹni tí ó kọ́kọ́ fi páànù bo ilé, àti ti ẹni tí a kọ́kọ́ fi jẹ olórí Yorùbá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí a kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni kọ ni ìtàn ẹni tí ó máa ń kan ilẹ̀kùn wa ní òwúrọ̀, tí ó wọ aṣọ kakí, tí ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́.

Wolé-wolé ni àwa ń pè é. Àwọn onílẹ̀ wa ń pè é ní duba-gari. Ẹ wo bí orúkọ méjèèjì ti yàtọ̀: àwọn Hausa ní ìlú ni ó ń wò, àwa ní ilé ni ó ń wò. Fún ẹni tí ó jẹ́ àlejò, ti ilé ni ó máa ń ká a lára jù.

Ìdí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbọ̀ngàn ni a fẹ́ fi owó tí a ń kó jọ lónìí kọ́. Kí a tó kan òrùlé gbọ̀ngàn náà, oríṣiríṣi òṣìṣẹ́ ni yóò wá bá wa: ti ìlera, ti ilé kíkọ́, ti owó ìsọ̀. Ní ìpàdé, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń béèrè pé ta ni ó fún wọn ní àṣẹ. Àwọn àgbà a sì dá wọn lóhùn pé kí wọ́n san án kí wọ́n dákẹ́, nítorí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìdáhùn yìí kò tó. Àṣẹ náà ní ibi tí ó ti wá, ó sì ní ibi tí ó mọ.

Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n ṣe òfin kan ní 1878 tí ó da ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìlú àti ìlera pọ̀ sójú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gbálẹ̀-kó-o-mọ́ àti ọlọ́pàá ti jọ wà nínú ìwé kan náà, a sì rò pé ìdí nìyí tí ẹ̀rù wolé-wolé fi dà bí ẹ̀rù ọlọ́pàá títí di òní. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, tí kò sì tán nílẹ̀ títí di 1930, Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, ọmọ Yorùbá, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá ìlera ìlú Èkó, ni ó kó àwọn wolé-wolé jáde láti ojúlé dé ojúlé. Òun náà ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní Yábàá ní àwọn ọdún 1920, tí àwọn ọmọ láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà fi ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ bàbá náà àti orúkọ iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Olúwọlé yàtọ̀ sí wolé-wolé.

Ní Àríwá níbí, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1900 ni Lugard gba àkóso Àríwá fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbàgbọ́ àwọn òyìnbó nígbà náà ni pé nínú ilé ènìyàn dúdú ni ibà ti ń wá, pé bí ilé wọn bá jìnnà sí tiwa, ẹ̀fọn kò ní lè gbé ibà dé ọ̀dọ̀ wọn. Lugard pa á láṣẹ pé kí àyè tí ó tó 440 yáàdì wà láàrín ibùgbé àwọn òyìnbó àti ti ènìyàn dúdú, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ ilé sí àárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ìlú ńlá ní Àríwá tí ó rí pápá gbalasa láàrín G.R.A. àti ọjà, tí kò mọ ohun tí ó fà á, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni.

Ojú irin ni ó wá gbé àwọn bàbá wa dé. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kano ní 1911. Ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ wọ̀ ọ́, ọmọ Ọ̀fà wọ̀ ọ́, Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹrù aṣọ, àwọn akọ̀wé sì wọ̀ ọ́ láti Èkó àti Abẹ́òkúta. A kò gbà wọ́n sí inú odi ìlú, a kò sì gbà wọ́n sí ọ̀dọ̀ òyìnbó. Àárín ni a fi wọ́n sí, ní ìlú tuntun tí àwọn Hausa ń pè ní Sabon Gari. Ohun kan máa ń pa wá lẹ́rìn-ín: nílé lọ́hùn-ún, Sábó ni àdúgbò àwọn Hausa, níbí, Sábó ni tiwa. Orúkọ kan náà ni, àlejò ni ó sì ń gbé inú rẹ̀ ní ibi méjèèjì.

Ní 1917, òfin méjì jáde tí ó kan ẹni tí ó ń gbé Sábó ju gbogbo òfin mìíràn lọ. Èkíní ni òfin tí ó pín àwọn ìlú sí ipò mẹ́ta. Èkó nìkan ni ó wà ní ipò kìíní. Àwọn ìlú tí ó wà ní ipò kejì àti ìkẹta wà lábẹ́ òyìnbó tí ìjọba fi ṣe alákòóso ìlú. Òfin kejì ni ti ìlera gbogbo ènìyàn. Àwọn bàbá wa kò mọ Lugard, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì bá D.O. sọ̀rọ̀ rí. Wolé-wolé ni wọ́n mọ̀. Òun ni ìjọba lójú wọn.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ níbi òfin ìlera yìí, nítorí pé òun ni òfin ìlera ti Àríwá tí ó wà nínú ìwé òfin 1963 tẹ̀ lé, òun náà ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì jogún. Òfin náà kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀gbin tí ó lè pa ènìyàn lára: omi tí ó dúró sójú kan tí tanwíjí wà nínú rẹ̀, ṣáláńgá tí ó kún, gọ́tà tí ó dí, pàǹtí tí a kó jọ, ẹran ọ̀sìn tí òórùn rẹ̀ ń yọ aládùúgbò lẹ́nu, ilé tí èrò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó fún wolé-wolé ní àṣẹ láti wọ inú ọgbà ní àsìkò tí ó bójú mu láti wò bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bí ó bá rí i, ìwé ni yóò kọ. Ìwé náà yóò sọ ohun tí ó rí, yóò sọ ohun tí kí onílé ṣe, yóò sì sọ iye ọjọ́ tí ó fún un. Bí ọjọ́ bá pé tí onílé kò ṣe é, wolé-wolé yóò lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní kóòtù, kóòtù yóò fi sámọ́ǹsì pe onílé, adájọ́ yóò gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Adájọ́ ni ó lè sọ pé kí ó tún un ṣe. Adájọ́ ni ó lè bu owó ìtanràn lé e. Bí onílé bá tún kọ̀, ìjọba lè ṣe iṣẹ́ náà kí ó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ onílé.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè yìí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ó rí wolé-wolé níbi wíwò, ẹ ó rí i níbi ìwé kíkọ, ẹ ó rí i níwájú adájọ́ tí ó ń ro ẹjọ́. Ẹ kò ní rí i níbi tí ó ti ń fúnra rẹ̀ bu owó ìtanràn léni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí i níbi tí ó ti ń gbà á sí àpò ní ẹnu ọ̀nà.

Báwo ni ó ṣe wá di pé ẹnu ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí? Oníṣòwò ni wá, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Bí ìyá kan bá gba sámọ́ǹsì, yóò pàdánù ọjọ́ ọjà kan, bóyá méjì. Kò gbọ́ èdè kóòtù, nítorí náà yóò wá ògbufọ̀. Akọ̀wé kóòtù yóò retí nǹkan. Nígbà tí ó bá fi gbogbo rẹ̀ wé ohun tí wolé-wolé yóò gbà kí ó fi yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ti ẹnu ọ̀nà ni ó dín owó jù. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó sọ wọ́n di olùsanwó. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan ti ń san án, tí ìyá kejì ń san án, ni ìwé ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, títí tí àwọn ọmọ wọn fi dàgbà tí wọn kò mọ̀ pé ìwé wà nínú rẹ̀ rárá.

Ní àwọn ìlú kéékèèké bíi tiwa, ó tún le jù bẹ́ẹ̀. Abẹ́ N.A. ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Òfin 1933 fún àwọn N.A. ní agbára láti ṣe òfin tiwọn lórí ìmọ́tótó, N.A. ní duba-gari tirẹ̀, ó sì ní kóòtù tirẹ̀. Ní Sábó ńlá bí ti Kano, ìjọba dá kóòtù kan sílẹ̀ tí àwọn ará Gúúsù náà jókòó nínú rẹ̀ láti dá ẹjọ́. Ìlú kékeré kò rí irú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìwé, ẹni tí ó dá ẹjọ́, ẹni tí ó ń gba owó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń gba owó oṣù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni a wà ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Nílé wa gan-an, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1968 àti 1969, tí a ń pe ọ̀tẹ̀ náà ní Àgbẹ́kọ̀yà, owó orí ni ó ṣíwájú nínú ẹ̀dùn ọkàn wọn, ṣùgbọ́n ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù àti wolé-wolé fi ń jẹ wọ́n ní abúlé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá jókòó lé e lórí. Owó orí tí ó wá sílẹ̀ sí £2 ni gbogbo ayé rántí. Ti wolé-wolé kò wọ inú orin.

A kò gbọdọ̀ ṣe àbòsí sí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí. Irú wọn wà nínú àwọn tí ó ń gún abẹ́rẹ́ kiri nígbà tí a ń lé ìgbóná jáde ní Nàìjíríà, tí ẹni tí ó ní i kẹ́yìn fi jẹ́ ti oṣù karùn-ún ọdún 1970. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa mọ ohun tí ìgbóná ń ṣe sí ojú ènìyàn. Ní 1991, nígbà tí wolé-wolé ti di ohun àwátì ní ọ̀pọ̀ ìlú, onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 7,000 ní Nàìjíríà. Nítorí náà, a kò sọ pé kí wọ́n má wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí wọ́n wá, kí wọ́n wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn 1976, nígbà tí ìjọba ológun fi ìjọba ìbílẹ̀ irú kan náà dípò onírúurú kánsù àti N.A. ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ pàǹtí, ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò, ìsọ̀ àti ilé oúnjẹ di iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979 àti ti 1999 sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ogun lòdì sí ìwà àìtọ́ dé ní 1984. Ní oṣù keje ọdún 1985 ni wọ́n kan ìmọ́tótó àyíká, tí a fi ń jókòó sílé ní òwúrọ̀ Sátidé kan lóṣù. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí bí sójà ti ń lé ènìyàn kúrò lójú títì. Ìjọba náà ṣubú ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ṣùgbọ́n Sátidé náà kò ṣubú. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń mú ènìyàn lórí rẹ̀ kí ẹnìkan tó béèrè pé òfin wo ni.

Èkó ni a ti béèrè rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ níbẹ̀ dájọ́ pé kò sí òfin tí ó fún ìjọba ní àṣẹ láti sé ènìyàn mọ́lé ní Sátidé náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Èkó sọ irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ obìnrin kan tí kóòtù alágbèéká ti bu owó ìtanràn lé nítorí pé ó jáde. Wọ́n ní àṣẹ tí gómìnà fi ẹnu pa kì í ṣe òfin. Ibi tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ni abala 36, ẹsẹ 12, nínú ìwé òfin 1999, tí ó sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀, tí a sì kọ ìjìyà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba Èkó fi òpin sí i. Ìpínlẹ̀ tí ó bá ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìdájọ́ Èkó lọ́wọ́ kí ó lọ dúró lójú títì níbí láìbéèrè.

Ìwé òfin 1999 kan náà sọ ní abala 37 pé ilé ènìyàn jẹ́ ibi ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ní abala 45 pé a lè fi òfin tí ó tọ́ wọ inú ìkọ̀kọ̀ náà nítorí ìlera gbogbo ènìyàn. Àárín abala méjèèjì yìí ni wolé-wolé ń gbà kọjá.

Ti owó ni ó kù. Dìkírì 21 ti ọdún 1998 to orúkọ àwọn owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà: owó ìsọ̀ àti kíósìkì, owó ọjà, owó ibi tí a ń pa ẹran, owó pátákó ìsọ̀, owó pàǹtí, títí kan owó dídí ojú títì fún àríyá, èyí tí àwa Yorùbá kò lè sọ pé a kò mọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe aláṣẹ owó orí kò gbọdọ̀ gbà á, kí ẹnikẹ́ni má sì di ọ̀nà láti fi gba owó. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé kọ́ńtíráátọ̀ ti ń bọ̀.

Kọ́ńtíráátọ̀ sì dé lóòótọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọ aṣọ kan náà wá sí ìlà àwọn olóúnjẹ wa ní ọjà, wọ́n ní àwọn ń yẹ ìmọ́tótó wò. Ìsọ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí lára, wọ́n sì ti ìsọ̀ ìyá kan pa pẹ̀lú àgádágodo tiwọn, ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ lórí iná. Owó tí wọ́n bù lé wọn ju èrè oṣù kan lọ. Àwọn méjì san án ní ọjọ́ náà. Ìyá tí a ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ yá owó lọ́dọ̀ alájọ. Nígbà náà ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbé fìlà dé orí, wọ́n mú olórí àwọn oníṣòwò Hausa kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa dání, wọ́n sì lọ sí ọ́fíìsì. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè: nọ́ńbà òfin tí ó sọ iye owó náà, ìwé ìkìlọ̀ tí a kọ́kọ́ fún àwọn obìnrin náà, àti orúkọ kóòtù tí ó dájọ́. Nígbà tí a wá inú fáìlì, a rí i pé àkókò iṣẹ́ tí a gbé fún àwọn ènìyàn náà ti kọjá láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ṣí ìsọ̀ ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Owó àwọn méjì tí ó ti san kò padà wá, nítorí pé wọn kò gba rìsíìtì. Ẹ̀wà náà sì ti bà jẹ́.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rẹ́ wa Hausa náà kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ ní ọ́fíìsì náà. Ó kàn jókòó ni. A kọ ọ́ síhìn-ín kí àwọn ọmọ wa tí ó rò pé ìwé nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ lè mọ̀.

Ní ti gbọ̀ngàn wa, òfin ti ilé kíkọ́ yàtọ̀ sí ti ìlera. Dìkírì 88 ti ọdún 1992 ni ó sọ ọ́ di dandan kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dájọ́ ní 2003 pé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ilé kíkọ́ nínú ìpínlẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ìjọba ìbílẹ̀ wá wo ṣáláńgá kò ní àṣẹ láti dá birikila dúró nítorí pílánì, bẹ́ẹ̀ ni ti pílánì kò ní àṣẹ láti gba owó pàǹtí. Àwọn méjèèjì máa ń gbàgbé.

Pílánì gbọ̀ngàn náà ní ilé ìgbẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta fún ọkùnrin, mẹ́ta fún obìnrin, kànga sì wà ní ìhà kejì ọgbà, ó jìnnà sí wọn. Ìwé ilẹ̀, pílánì tí a ti lu òǹtẹ̀, àti gbogbo rìsíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ akápò. Ẹ̀dà kẹta yóò wà nínú àpótí ní ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ tí a bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, kí ẹni tí ó bá wá ní agogo méje òwúrọ̀ má ṣe bá a pé a ń wá akọ̀wé kiri.